Bí ẹ ṣe máa wọn kámẹ́rà CCD yín fúnra yín kí ẹ tó fi ṣe ìwádìí

Nọ́ńbà tí kámẹ́rà CCD (kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó sì ń ti wọ́n láti píksẹ́lì dé píksẹ́lì títí wọ́n fi jáde) ń kọ sínú fáìlì kì í ṣe iye ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣí àwòrán kan tí kọ̀ǹpútà sì sọ pé píksẹ́lì kan jẹ́ 26,000, ìyẹn ò tíì sọ iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ìmọ́lẹ̀ tú sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sọ bí nọ́ńbà náà ṣe ṣeé gbára lé tó. 26,000 lè jẹ́ ẹgbàárùn-ún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú kámẹ́rà kan, kó jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì nínú òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìwádìí tó bá dá lórí CCD fi sábà máa ń ní tábìlì kékeré kan nínú: gain (iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ẹyọ nọ́ńbà kan dúró fún), read noise (bí kíkà fúnra rẹ̀ ṣe ń mú nọ́ńbà lọ sókè sódò), dark current (ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ooru ń tú sílẹ̀ láìsí ìmọ́lẹ̀), àti ibi tí píksẹ́lì ti ń kún dẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń da àwọn nọ́ńbà yìí kọ láti inú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe sẹ́ńsọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Irú sẹ́ńsọ̀ náà lápapọ̀ ni ìwé ilé iṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ lé, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì yín lẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ó sì lè ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù kó tó kàn yín. Wíwọ̀n ọ́n kò ná yín ní nǹkan púpọ̀. Ariwo tó wà nínú àwòrán, ìyẹn bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sókè sódò láìsí pé ìmọ́lẹ̀ yí padà, òun gan-an ni òṣùwọ̀n tí ẹ máa lò.

Sẹ́ńsọ̀ KAF-8300 tí Kodak ṣe ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó wọ́pọ̀ gan-an nínú kámẹ́rà àwọn tó ń wo ìràwọ̀, àlòkù rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà. Píksẹ́lì 3,326 ló fi gùn, 2,504 ló fi ga, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 5.4 µm. Lóòótọ́, Sony kéde ní 2015 pé àwọn máa ṣíwọ́ CCD ṣíṣe, CMOS, irú sẹ́ńsọ̀ kejì, ló sì gbòde báyìí. Ìlànà yìí bá CMOS náà mu, àfi ibi kan tí mo máa tọ́ka sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ńsọ̀

Willard Boyle àti George Smith ló ronú kan CCD ní 1969 ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ohun tí kọ̀ǹpútà máa fi tọ́jú nǹkan ni wọ́n ń wá. Àwòrán yíyà gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 2009.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá já lu sílíkọ́ọ̀nù, ọ̀kọ̀ọ̀kan fótọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ bá ju 1.12 eV lọ lè tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá gùn ju nǹkan bíi 1,100 nm lọ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa gba inú sílíkọ́ọ̀nù kọjá. Fóltéèjì tó wà lórí píksẹ́lì ló ń so àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ títí àkókò kíkà fi máa tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ bí àwọn lébìrà ṣe ń na hẹ́dìpáànù kọnkéré síra wọn lọ́jọ́ dẹ́kìn: ìlà kọ̀ọ̀kan á sún sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá á wá máa tú jáde ní píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sẹ́nu amplifier tó wà ní igun. Ẹnu kan náà ni gbogbo píksẹ́lì ń gbà jáde nínú KAF-8300. Nítorí náà gain kan, read noise kan, ló wà fún odindi sẹ́ńsọ̀. Ibẹ̀ ni CMOS ti yàtọ̀, torí pé píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ló ní amplifier tirẹ̀.

Àwọn CCD kan wà tí wọn ò ní ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Irú ẹ̀ ni NigeriaSat-1, tí wọ́n gbé lọ sí òfuurufú ní oṣù September 2003, fi ya ilẹ̀: sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ló ń rìn, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan títí ó fi di àwòrán, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì kó nǹkan bíi mítà 32 lórí ilẹ̀. Èyí tó wà nínú kámẹ́rà yín ní ìlà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a máa gbà wọ̀n ọ́n kò yàtọ̀.

Amplifier á sọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù di fóltéèjì, ADC á sọ fóltéèjì di nọ́ńbà tí à ń pè ní ADU, láti 0 dé 65,535 bí ó bá jẹ́ bit 16. Kí ariwo má baà fa nọ́ńbà lọ sábẹ́ òdo, kámẹ́rà á ti fi iye kan kún un látilẹ̀wá. Iye yẹn là ń pè ní bias.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Kámẹ́rà náà àti wáyà rẹ̀, kọ̀ǹpútà, bátìrì 12 V tó lágbára, gílóòbù LED kékeré tó ń lo bátìrì, bébà funfun bíi méjì mẹ́ta tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà kọjá, aṣọ dúdú tó ki. Bí ẹ bá ń lo Windows, sọ́fítíwià N.I.N.A. á bá yín ya àwòrán. AstroImageJ á bá yín wọ̀n ọ́n. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ Python lè lo ccdproc àti photutils. FITS, irú fáìlì tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò, ni kí ẹ máa tọ́jú àwòrán sí, kì í ṣe JPEG. JPEG á ti ba ariwo tí ẹ fẹ́ wọ̀n jẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Gílóòbù yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má fi ti iná ilé ṣe é. Fóltéèjì tó ń lọ sókè sódò, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń mí, á wọ inú ìwọ̀n yín, ẹ ó sì rò pé kámẹ́rà ló ń ṣe ségesège. Àwọn LED tó ní bọ́tìnì tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù náà ò dáa, torí pé ṣe ni wọ́n ń tan tí wọ́n ń kú lemọ́lemọ́ ju ojú lọ. LED lásán, resistor kan, bátìrì tó kún: ó tó. Ẹ tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó lè fara balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ jẹ́ kí òtútù kámẹ́rà dúró lójú kan

Ẹ̀rọ amúnǹkantutù inú kámẹ́rà kò mọ òtútù kan pàtó. Iye dígírì tó lè fi tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká lọ ló mọ̀. Bí ó bá lè sọ̀ kalẹ̀ ní dígírì 35, tí òru Ìbàdàn sì wà ní 27 °C, −8 °C ni òpin rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ń sọ −20 °C, ẹ má bá wọn dù ú. Ẹ yan ibi tí ẹ̀rọ náà ti lè dúró láìlo ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀. −5 °C ni mo máa lò níhìn-ín.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sójú sẹ́ńsọ̀, silica gel inú kámẹ́rà ti mu omi yó. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ooru gbẹ ẹ́ bí ìwé kámẹ́rà bá ṣe sọ, kí ẹ sì dá a padà. Ẹ fi kámẹ́rà sórí bátìrì 12 V, kí iná tó bá lọ lójijì má baà mú kó gbóná láàárín iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: bias

Ẹ bo kámẹ́rà, ẹ fi exposure, ìyẹn àkókò tí sẹ́ńsọ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí òdo tàbí èyí tó kéré jù tó lè ṣe, kí ẹ ya ogún àwòrán. Ẹ má pò wọ́n pọ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa lò.

Ẹ mú méjì, B1 àti B2. Ẹ kọ́kọ́ sọ wọ́n di float bit 32 nínú sọ́fítíwià kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé fáìlì bit 16 kò mọ nọ́ńbà tó kéré sí òdo: bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ −12, sọ́fítíwià mìíràn á kọ 0, òmíràn á kọ 65,524, standard deviation yín (ìwọ̀n bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká) á sì di ìranù láìsí ẹni tó máa kìlọ̀ fún yín.

Ẹ fa àpótí kan tó jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 200 lórí 200 sí àárín àwòrán ìyàtọ̀ náà, kí ẹ ka standard deviation inú rẹ̀, tí mo máa pè ní σ. Ká sọ pé ìpíndọ́gba bias kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,000, σ ti B1 − B2 sì jẹ́ 33. Ariwo àwòrán méjì ló wà nínú 33 yẹn, nítorí náà ti ẹyọ kan jẹ́ 33 ÷ √2, ìyẹn 23.3 ADU. Èyí ni read noise. ADU ló ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná títí gain fi máa dé.

Bí ẹ bá rí ìlà gbọọrọ tàbí àbàwọ́n tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú àwòrán ìyàtọ̀, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: USB tó gùn jù, tàbí ṣájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: dark, ṣáájú ohunkóhun tó ní ìmọ́lẹ̀ nínú

Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń fi dark, àwòrán tí a yà láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan, sẹ́yìn. Pẹ̀lú irú sẹ́ńsọ̀ KAF yìí, àṣìṣe ni. Bí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ bá ti kàn án, pàápàá ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan máa ń há sí ìsàlẹ̀ sílíkọ́ọ̀nù, wọ́n á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Dark tí ẹ bá yà lẹ́yìn flat (àwòrán ìmọ́lẹ̀ tó tàn bákan náà ká gbogbo sẹ́ńsọ̀) lè gbé òjìji flat náà dání.

Ẹ fi aṣọ dúdú wé kámẹ́rà. Ẹ ya dark kan nínú yàrá tó mọ́lẹ̀, ẹ ya òmíràn nínú òkùnkùn. Bí ìpíndọ́gba wọn bá yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń jò wọlé níbì kan. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ ya dark mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá 300, kí ẹ fi median (iye tó bọ́ sí àárín) pò wọ́n kí ipa cosmic ray, ìtànṣán tó ń wá láti òfuurufú, lè kúrò, kí ẹ sì yọ ìpíndọ́gba bias kúrò. Ká sọ pé ADU 40 ló ṣẹ́ kù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí àyè bá wà, ẹ tún un ṣe ní 0 °C àti 5 °C. Dark current sábà máa ń di ìlọ́po méjì bí ooru bá fi nǹkan bíi dígírì 6 sí 8 lé. Gíráàfù kékeré yẹn á sọ fún yín ohun tí alẹ́ tó móoru máa gbà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 4: flat méjì, àti gain

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Fótọ́ọ̀nù kì í dé létòlétò. Bí píksẹ́lì kan bá máa ń gba fótọ́ọ̀nù 10,000 ní ìpíndọ́gba, ìgbà mìíràn á gba 9,900, ìgbà mìíràn 10,080. Òfin Poisson sọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe máa tó: √10,000, ìyẹn 100. Bí ó bá jẹ́ 40,000, ìyàtọ̀ á jẹ́ 200. Ìṣẹ̀dá ló fi òfin yìí lélẹ̀, ilé iṣẹ́ kankan ò lè yí i padà. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ariwo inú àwòrán á tú àṣírí iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ síta.

Ẹ wò ó báyìí. Ká pe iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú ADU kan ní g. Bí àwòrán bá ní S ní ADU, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ jẹ́ g × S, ariwo wọn sì jẹ́ √(g × S). Bí a bá dá ariwo yẹn padà sí ADU, a ó fi g pín in. Bí a bá wá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, tí à ń pè ní variance, ó di S ÷ g. Nítorí náà g = S ÷ variance. Ẹ ò nílò láti mọ bí gílóòbù ṣe mọ́lẹ̀ tó, ẹ ò nílò láti mọ ìdá mélòó nínú fótọ́ọ̀nù ni sẹ́ńsọ̀ ń mú. Ìpíndọ́gba àti ariwo, ó parí. James Janesick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní JPL, láàbù NASA ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun èlò gbogbo láàbù CCD. Photon transfer ni wọ́n ń pè é.

Ìṣòro kan wà. Píksẹ́lì ò rí bákan náà: òmíràn ń gba ìmọ́lẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ díẹ̀, eruku sì lè wà lórí gíláàsì. Ìyàtọ̀ tó dúró lójú kan yìí á da pọ̀ mọ́ ariwo fótọ́ọ̀nù, á sì jẹ́ kí g kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ya flat méjì ní ìmọ́lẹ̀ kan náà, tí a sì ń yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Àbàwọ́n tó dúró á pa ara rẹ̀ rẹ́, ariwo nìkan á kù.

Ẹ fi bébà funfun bo ojú kámẹ́rà, ẹ gbé LED síwájú rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan. Ẹ wá exposure tó máa jẹ́ kí àwòrán kún dé nǹkan bí ìdajì kó tó 65,535, kó má sì kéré sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Shutter onírin kì í ṣí gbogbo ojú sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, exposure kúkúrú sì máa ń fi ìyẹn hàn. Ẹ ya méjì tẹ̀ léra wọn, F1 àti F2. Pẹ̀lú àpótí àárín tí ẹ lò fún bias:

g = [(F1 + F2) − (B1 + B2)] ÷ [σ²(F1 − F2) − σ²(B1 − B2)]

Ìpíndọ́gba ni F1, F2, B1 àti B2 tó wà lókè. Ká sọ pé F1 jẹ́ 26,000, F2 jẹ́ 25,800, bias kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,000. Lókè a ní 51,800 − 2,000 = 49,800. Ká sọ pé σ ti F1 − F2 jẹ́ 363. Ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 131,769. Ti bias, 33 lọ́nà 33, jẹ́ 1,089. Nísàlẹ̀ a ní 130,680. Ẹ pín in: 0.381 ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún ADU kan.

Ẹ wá padà sẹ́yìn kí ẹ gba gbèsè yín. Read noise: 23.3 × 0.381 = 8.9 ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Dark current: 40 × 0.381 ÷ 300 = 0.05 ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún píksẹ́lì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí ADC ti dé òpin: (65,535 − 1,000) × 0.381, nǹkan bíi 24,600. Kodak kọ 25,500 gẹ́gẹ́ bí iye tí píksẹ́lì KAF-8300 lè gbà. Ẹ rí i pé nínú kámẹ́rà àpẹẹrẹ yìí, nọ́ńbà á tán kí píksẹ́lì tó kún. Ìyẹn ni irú nǹkan tí ìwé ilé iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ ò lè sọ fún yín, torí ẹni tó ṣe kámẹ́rà ló yan gain.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lórí méjì péré. Ẹ ṣe é pẹ̀lú méjì-méjì mẹ́wàá, ẹ kọ ìpíndọ́gba g àti bí wọ́n ṣe fọ́n ká. Bí F1 àti F2 bá fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀ síra, gílóòbù yín ò tíì fara balẹ̀.

Read noise 8.9 dára fún iṣẹ́ ìràwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò lè tó fún rárá. Àwọn tó ń wá dark matter, ohun àìrí tó wà káàkiri àgbáálá ayé, ń lo irú CCD kan tí wọ́n ń pè ní Skipper, tó máa ń ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà léraléra láìsọ ọ́ nù. Ní 2017, ẹgbẹ́ kan fi hàn pé bí a bá kà á ní ìgbà 4,000, ariwo á já sí 0.068 ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ láti ka sẹ́ńsọ̀ kan tán lọ́nà bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n lè sọ bóyá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni tàbí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ 5: ṣé ó ń lọ ní tààrà?

Ẹ fi gílóòbù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ya flat méjì-méjì láti exposure kékeré títí dé ibi tí yóò ti kún dẹ́nu, bíi ìpele mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má tò wọ́n láti kékeré sí ńlá. Ẹ da wọ́n rú, kí ẹ sì máa padà sí exposure kan pàtó láàárín, kí ẹ lè rí i bí gílóòbù bá ń rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá tò wọ́n létòlétò, gílóòbù tó ń rẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀ tí kò lọ ní tààrà á jọ ara wọn, ẹ ò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Gíráàfù àkọ́kọ́: ìpíndọ́gba lórí exposure. Ẹ fa ìlà tààrà la àárín rẹ̀ kọjá, kí ẹ wo ibi tí àwọn àmì òkè ti kúrò lórí ìlà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibẹ̀ ni òpin yín. Àwọn KAF-8300 ní ètò tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ṣàn dé píksẹ́lì kejì. Ètò yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dànù kí píksẹ́lì tó kún.

Gíráàfù kejì: variance lórí ìpíndọ́gba, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ bias, tí ẹ sì ti fi 2 pín variance ìyàtọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ìlà tààrà tí ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ (slope) jẹ́ 1 ÷ g. Ní òkè pátápátá, á wó lulẹ̀ lójijì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú sílẹ̀ dáadáa á rí i pé ìlà náà ti ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti kó jọ ń ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sọ́dọ̀ píksẹ́lì tó múlé gbè wọ́n, nítorí náà ariwo ń dín kù. Brighter-fatter ni wọ́n ń pè é: ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù á sanra ju èyí tó ṣókùnkùn lọ nínú àwòrán kan náà. Kámẹ́rà ńlá tó wà ní Rubin Observatory lórí òkè Cerro Pachón ní Chile ní CCD 189 tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí, àròpọ̀ píksẹ́lì bílíọ̀nù 3.2. Wọ́n ní láti wọn brighter-fatter lára sẹ́ńsọ̀ wọn, torí bí ìrísí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe tẹ̀ díẹ̀ ló ń sọ ibi tí dark matter wà fún wọn. Fún iṣẹ́ tiyín, ó tó kí ẹ ka g láti apá ìsàlẹ̀ ìlà náà, kí ẹ má sì kà á láti òkè.

Ìgbésẹ̀ 6: ohun tó ń sọ nù lójú ọ̀nà

Ní kúkúrú: bí sísún kọ̀ọ̀kan bá gbé 0.99999 nínú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dé ibi tó ń lọ, lẹ́yìn sísún 2,000 ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún á ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ 0.9999, ìdá 82 péré ló máa kù. Láàbù ńlá ń fi iron-55 wọn èyí: X-ray 5.9 keV rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tú nǹkan bíi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 1,620 sílẹ̀ nínú sílíkọ́ọ̀nù. Radioactive ni, ó nílò ìwé àṣẹ, ẹ má wá a kiri. Ẹ kàn wo ìràwọ̀ tó jìnnà jù sí amplifier nínú àwòrán gidi. Bí kò bá ní ìrù sápá kan, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Lójú sánmà lọ́run ni ìṣòro yìí ti le, torí ìtànṣán ń ba sílíkọ́ọ̀nù jẹ́. Kámẹ́rà ACS tí wọ́n fi sára Hubble, awò awọ̀nàjíjìn tó wà ní òfuurufú, ní 2002 ń fi ìrù yẹn hàn síi lọ́dọọdún. Àwọn tó ṣe Gaia, sátẹ́láìtì Yúróòpù tó wọn ibi tí àwọn ìràwọ̀ wà, tó gbéra ní December 2013 pẹ̀lú CCD 106, mọ̀ ọ́n ṣáájú. Wọ́n ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń da ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú sẹ́ńsọ̀ látìgbàdégbà, kí àwọn ihò tó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mì lè yó kí ìràwọ̀ tó dé.

Ìgbésẹ̀ 7: ẹ gbé e lọ sábẹ́ ìràwọ̀

Bí ẹ bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá, W Ursae Majoris ni mo máa ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìràwọ̀ méjì tó fara kanra ni, wọ́n ń yí ara wọn po ní wákàtí mẹ́jọ, ọ̀kan ń bo èkejì ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ wọn sì ń rìn láàárín magnitude 7.8 sí 8.5 (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni magnitude; bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ìràwọ̀ ṣe ṣókùnkùn tó). Ní àárín oṣù February ó máa ń dé ibi tó ga jù láàárín òru, ní ìhà àríwá, ní nǹkan bíi dígírì 41 sókè. Wákàtí márùn-ún tẹ̀ léra tó láti mú ìbòlójú kan ó kéré tán.

Ẹ lo fílítà V, èyí tó sún mọ́ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ wá exposure tí kò ní jẹ́ kí píksẹ́lì tó mọ́lẹ̀ jù nínú ìràwọ̀ kọjá ìdajì òpin tí ẹ rí ní ìgbésẹ̀ 5. Bí ó bá ṣì kún, ẹ sún ìfójúsùn kúrò díẹ̀ kí ìràwọ̀ fẹ̀. Ìràwọ̀ máa ń ṣẹ́jú, nítorí náà ẹ má lo exposure ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, kí ẹ jẹ́ kó gba bí ogún. Flat ti ojú sánmà ni kí ẹ yà lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Níhìn-ín, ìrọ̀lẹ́ kì í pẹ́ ṣú; ẹ ti to gbogbo exposure sínú sọ́fítíwià ṣáájú, nítorí bí ẹ bá ń wá bọ́tìnì, ilẹ̀ á ti ṣú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọyẹ́ nìyẹn náà. Àkókò tí òjò ò rọ̀ yẹn gan-an ni eruku Sàhárà ń bo ojú ọ̀run. Kò ní kí ẹ pa á tì. Ẹ yan ìràwọ̀ tí ẹ ó fi ṣe òdiwọ̀n àti òmíràn tí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò láti inú máàpù AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, kí àwọ̀ wọn sún mọ́ ti W UMa, kí gbogbo wọn sì wà nínú àwòrán kan náà. Eruku tó dín ọ̀kan kù á dín èkejì kù. Bí ìràwọ̀ ìyẹ̀wò bá ń yí padà sí òdiwọ̀n, ẹ ju alẹ́ yẹn nù.

Báyìí ni àwọn nọ́ńbà tí ẹ wọ̀n ṣe máa wúlò. Ká sọ pé ìràwọ̀ fún yín ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 200,000 nínú àyíká tó ní píksẹ́lì 80, ojú sánmà fi 60 kún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, dark fi 2 kún un, read noise jẹ́ 8.9 tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 79. Ariwo lápapọ̀ jẹ́ √(200,000 + 80 × 141), ìyẹn 460. 200,000 ÷ 460 jẹ́ 435. Ẹ fi pín 1.086, nọ́ńbà tó ń sọ ọ́ di magnitude, àṣìṣe yín jẹ́ 0.0025 magnitude. Bí ìràwọ̀ bá jẹ́ 2,000 péré, ariwo á jẹ́ 115, àṣìṣe á fò dé 0.06, read noise nìkan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì gbogbo variance náà. Ẹni tó ń wo ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ò nílò láti náwó lé kámẹ́rà tí read noise rẹ̀ kéré. Owó yẹn ì bá dáa lára ohun tó máa gbé awò awọ̀nàjíjìn dúró ṣinṣin.

Ìgbésẹ̀ 8: ohun tí ẹ máa kọ sínú ìwé

Irú sẹ́ńsọ̀, òtútù tó wà nígbà ìwọ̀n, binning (píksẹ́lì mélòó ni kámẹ́rà ń pò pọ̀ di ẹyọ kan), gain pẹ̀lú bí ó ṣe fọ́n ká, read noise, dark current, òpin tààrà, ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ iye flat àti bias tí ẹ lò. Ẹ rí i pé CCD-TEMP (òtútù sẹ́ńsọ̀) àti EXPTIME (iye exposure) wà nínú orí fáìlì FITS kọ̀ọ̀kan, kí aago kọ̀ǹpútà sì ti bá íntánẹ́ẹ̀tì mu kí alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí àkókò ìbòlójú ni àwọn tó máa lo iṣẹ́ yín ń wá. AAVSO, tó ti wà láti 1911, ń gba irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀.

Ẹ tọ́jú àwọn fáìlì tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn sí ibi méjì. Lọ́dọọdún, ẹ tún ìgbésẹ̀ 2 àti 4 ṣe. Kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Bí g bá ti kúrò níbi tó wà ju bí ó ṣe máa ń fọ́n ká lọ, kí ẹ tó fura sí sẹ́ńsọ̀, ẹ yẹ sọ́fítíwià wò: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yí binning tàbí gain padà.